Alùpùpù Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta Tí Leah Rà

Lọ́dún 1984, Leah Ṣóbọ̀wálé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì n'Ìkẹ́nnẹ́, ra alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń palẹ̀ mọ́ ní Ogijo. Táyà rẹ̀ fẹ̀, kì í rì sínú ẹrẹ̀. Oko obì tọkọtaya náà wà lódìkejì àbàtà, ọkọ̀ kò lè débẹ̀. Ọdún mẹ́ta rèé tí John ọkọ rẹ̀ ti fojú kan oko náà gbẹ̀yìn, nítorí rọpárọsẹ̀ ti mú un lẹ́sẹ̀.

Leah gbé alùpùpù náà lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà ní Ṣàgámù.

"Mà, ṣé káríà ẹrù lẹ fẹ́?"

"Rárá. Àga ni kó o jó mọ́ ọn lẹ́yìn, kó ní apá."

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún ní pápá ilé ìwé. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ fẹ́nì kan.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó fi ọ̀já de John mọ́ àga, wọ́n sì la àbàtà kọjá. Bí wọ́n ṣe dóko, John gbójú sókè.

"Ta ló gé ẹ̀ka obì báyìí? Ṣé afọ́jú ni?"

Leah rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí John ti bá ẹnikẹ́ni wí. Ó yí alùpùpù padà kí wọ́n máa lọ sílé.

"Ìyá Rónkẹ́, má tíì yà sílé. Gba ọ̀nà odò yẹn ká wò ó."