Ọwọ́ Tí Mo Fi Ń Bo Imú

Òórùn méjì ló máa ń pàdé mi ní gbogbo àárọ̀ ní ọsibítù tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Orè. Èkínní ni ti apakòkòrò tí a fi ń nu ilẹ̀, tó máa ń ta sí èèyàn nímú bí ata. Èkejì kò lórúkọ lẹ́nu mi nígbà náà. Ó dùn díẹ̀, ó sì ń rùn díẹ̀, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù tí ẹnì kan gbàgbé sínú àpò. Inú wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ló ti ń wá. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọyún ni, ọyún ojú ọgbẹ́ tó kọ̀ tí kò jinná. Títí di ìsinsìnyí, bí mo bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n létí ọ̀nà márosẹ̀, ọkàn mi á kọ́kọ́ padà sí wọ́ọ̀dù yẹn kí n tó rántí ohun tí mo wá rà.

Ní àwọn ọdún tí mò ń sọ yìí, kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀. Owó epo wà nílùú, ilé tuntun ń hù káàkiri Orè, wọ́n sì fi yàrá méjì kún ọsibítù wa, wọ́n kùn wọ́n ní ọ̀dà funfun. Ẹ̀rọ omi wà lára ògiri, ó ń dán, ṣùgbọ́n omi kì í jáde nínú rẹ̀. Kànga ni a ti ń fà. Ìwé kẹrin ni mo kà dé ní Odigbó kí bàbá mi tó kú, kò sì sí iṣẹ́ tí wọ́n lè fún irú mi ju kí n nu ilẹ̀, kí n fọ ohun tó bá dọ̀tí, kí n sì gbé abọ́.

Abọ́ yẹn, abọ́ tánganran funfun ni. Láràárọ̀ ni mo máa ń pọn omi sí i, nọ́ọ̀sì á da apakòkòrò díẹ̀ sí i, omi náà á funfun bí omi ògì. Èmi á wá gbé e tẹ̀lé dókítà láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, táwẹ̀lì kan á wà léjìká mi. Bó bá ti yẹ egbò kan wò tán, á ti ọwọ́ bọ inú abọ́, á nu ọwọ́ náà sára táwẹ̀lì, ó di bẹ́ẹ̀dì kejì. Àwọn nọ́ọ̀sì náà ń ti ọwọ́ tiwọn bọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀dì méjìlá, abọ́ kan, táwẹ̀lì kan. Lójú mi, kò sí ohun tó mọ́ tó abọ́ yẹn ní gbogbo Orè. Mo máa ń fi yangàn fún Màmá mi nílé.

Ẹni tó bá mọ̀ mí nígbà náà mọ bí mo ṣe máa ń tijú. Bí àgbàlagbà bá bá mi sọ̀rọ̀, ọwọ́ mi á ti lọ bo imú àti ẹnu mi kí n tó mọ̀. Inú àtẹ́lẹwọ́ ni mo máa ń dáhùn sí. Ìyá kan láti Ajue ló fẹ́ràn láti máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ nítorí rẹ̀. Ìyàwó àgbẹ̀ àlejò ni, àwọn tó ń dáko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Á ní, "Ìyàwó mi, ṣé eyín rẹ ti ká tán ni? Yọ ọwọ́, jẹ́ ká rí i." Èmi á tún wá fi ọwọ́ kejì kún ti àkọ́kọ́.

Bẹ́ẹ̀dì karùn-ún ló wà. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì ti gbé ọmọ rẹ̀ jáde láàyè. Ó yẹ kó ti wà lóko. Ṣùgbọ́n egbò rẹ̀ là, ó ń tú. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ títí ìdí rẹ̀ fi le bí pákó. Ọkọ rẹ̀ lọ ra kápúsù pupa òun yẹ́lò wá láti gáréèjì, níbi tí wọ́n ti ń tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì bẹ̀ mí pé kí n tú ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò náà bí nọ́ọ̀sì kò bá sí nítòsí. Mo tú u. Àánú rẹ̀ ló ṣe mí, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wa sì ń ṣe sí egbò nílé. Kò ràn án. Kó tó di ìparí oṣù, egbò àwọn obìnrin méjì mìíràn ti ń tú bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ tí dókítà sọ pé abẹ́rẹ́ náà kò ká kòkòrò yìí mọ́, pé ó ti mojú rẹ̀. Mo ń ro bí kòkòrò ṣe lè mojú oògùn títí tí mo fi nu ibì kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà náà ni wọ́n gbé nọ́ọ̀sì àgbà tuntun kan wá. Obìnrin kúkúrú tí kì í pariwo ni. Ọjọ́ méjì ló fi ń wo abọ́ mi. Ní ọjọ́ kẹta ó bi mí léèrè pé, "Ohun tí dókítà fọ̀ kúrò lọ́wọ́ ní bẹ́ẹ̀dì karùn-ún, ibo ló lọ?"

Mo ní, "Inú omi, mà. Apakòkòrò wà nínú rẹ̀."

Inú àtẹ́lẹwọ́ ni mo sọ ọ́ sí. Mo rí i pé ọwọ́ mi ló ń wò, kì í ṣe abọ́.

Ní ọjọ́ kejì, ó ní kí gbogbo àwa tí à ń wọ wọ́ọ̀dù tò. Ó mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní òwú lórí, ó ń tì í bọ ihò imú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kó wọn sínú ìgò kéékèèké. Alásè ọsibítù, obìnrin tó lẹ́nu, sín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Mà, kí lẹ ń wá? Kò sí nǹkan níbẹ̀ o, àfi áṣáà!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Dókítà pàápàá tò, ó sì gbé orí sókè bí ọmọ iléèwé. Ọkọ̀ kan gbé àwọn ìgò náà lọ sí ilé àyẹ̀wò ní Ìbàdàn.

Èsì kò tíì dé nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá láti Odigbó. Oṣù rẹ̀ ti pé, ìrọbí kò tíì mú un, ṣùgbọ́n ọmọ dábùú nínú rẹ̀. Dókítà ní bí wọn kò bá ṣiṣẹ́ abẹ, ìyá àti ọmọ lè kú. Bẹ́ẹ̀dì kẹfà ni wọ́n tẹ́ fún un. Màmá mi, tó jẹ́ pé ilé àdúrà àwọn Aládùúrà ni gbogbo ayé rẹ̀, jókòó sí ìdí bẹ́ẹ̀dì náà nínú aṣọ àdúrà funfun, ó gbé ìgò omi àdúrà lé ẹsẹ̀. Ó ń fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Ó fa imú, ó wo ọ̀dọ̀ ìyá Ajue, ó ní, "Kí ló ń rùn báyìí?"

Mo ní, "Apakòkòrò ni, Màmá."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni èsì dé. Nọ́ọ̀sì àgbà pè mí sí yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní kòkòrò tó ń ba egbò àwọn obìnrin yẹn jẹ́, òun gan-an ni wọ́n rí nínú imú mi.

Mo ní, "Ara mi le, mà. N ò ṣàìsàn."

"Mo mọ̀. Kì í ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ó kàn ń gbé ibẹ̀ ni. Láti imú, ó dé ọwọ́. Láti ọwọ́, ó dé egbò."

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, n ò lè so wọ́n pọ̀. Báwo ni ohun tó ń pa ẹlòmíràn yóò ṣe máa gbé lára mi tí n ò ní mọ̀? Ní ilé àdúrà wa, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní, àjẹ́ ni, mo sì ti rí bí wọ́n ṣe máa ń yí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ká. Ọwọ́ mi ti ń lọ síbi imú, mo dá a dúró lójú ọ̀nà. Mo bi í pé ṣé èmi ni mo ba egbò ìyá Ajue jẹ́. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Ẹ̀yin mẹ́ta ni wọ́n rí i lára yín. Ọ̀kan nínú yín ni ọ̀gá gbogbo wa." Dókítà! Ìyẹn tún da ọkàn mi rú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Bí mo bá sọ fún Màmá, á gbé ẹ̀gbọ́n mi kúrò lójú ẹsẹ̀, ọmọ tó dábùú sì lè pa á. Bí n kò bá sọ, wọ́n á la ikùn rẹ̀ níbi tí èmi àti dókítà ti ń gbé kòkòrò kiri. N ò mọ èyí tó jẹ́ ìfẹ́ nínú méjèèjì. Mo kàn ń wo ọwọ́ mi bí ọwọ́ ẹni tí n ò mọ̀ rí. Nígbà tí mo dìde, n ò sọ fún un. N kò pinnu pé n ò ní sọ. Ọ̀rọ̀ náà ni kò jáde.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, nọ́ọ̀sì àgbà ní kí n lọ da ojú abọ́ tánganran náà dé sẹ́yìn ilé ìdáná. Ó ya táwẹ̀lì sí wẹ́wẹ́, ẹni kan, ègé kan, a ó sì sè é kí ẹlòmíràn tó lò ó. Ó kó ìyá Ajue àti àwọn méjì yòókù lọ sí yàrá tuntun, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń tọ́jú wọn. Ó ní kápúsù tí à ń tú díẹ̀díẹ̀ sójú egbò, ṣe ló ń kọ́ kòkòrò náà bí yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ oògùn. Mo wolẹ̀. Ó fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n rí kòkòrò náà lára wa ní ìpara kékeré kan tí a ó máa fi ra inú imú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé búùtà oníke kan lé mi lọ́wọ́, irú èyí tí àwọn awakọ̀ Hausa fi ń ṣe àlùwàlá ní gáréèjì. Iṣẹ́ mi nìyẹn: kí n má fọwọ́ kan egbò, kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí n máa da omi tó ń ṣàn sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé, òun àti ọṣẹ. N ò lóye rẹ̀. Èmi tí kòkòrò wà nímú mi ni wọ́n fi ṣọ́ ilẹ̀kùn.

Alásè rí mi, ó pariwo: "Àlùwàlá ti dé ọsibítù! Ta ni lèmọ́mù wa?" Ṣùgbọ́n Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí ni mo ń rí lọ́wọ́ ọmọ mi yìí? A ti wá di ìmàle?" Nọ́ọ̀sì àgbà ló dá a lóhùn jẹ́jẹ́: "Màmá, ṣé ẹ kì í bọ́ bàtà kí ẹ tó wọ ilé àdúrà?" Ó ní, "A máa ń bọ́ ọ." "Ibí náà nìyẹn, Màmá." Màmá mi wo búùtà náà pẹ́. Ó na ọwọ́ méjèèjì. Láti ọjọ́ yẹn, kò sọ̀rọ̀ wòlíì mọ́, òun gan-an ló sì ń lé àwọn àlejò padà: "Ọwọ́ dà? Ẹ jẹ́ ká rí ọwọ́ yín!"

Ní àárọ̀ iṣẹ́ abẹ, dókítà dé pẹ̀lú ìkánjú. Ó ní, "Ọmọbìnrin, yà fún mi, mo kàn fẹ́ wò ó ni." Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ kò ju mẹ́ta lọ, kò sì sí ọ̀kan tó wá. Ìtìjú bò mí, ọwọ́ mi fẹ́ lọ síbi tó máa ń lọ. Mo bá fi ọwọ́ méjèèjì di búùtà náà mú, n ò sì kúrò lójú ọ̀nà. Búùtà tẹ̀, omi dà sórí bàtà rẹ̀. Nínú wọ́ọ̀dù, ẹnì kan ní, "Yéè! Ó ti ṣe àlùwàlá fún bàtà dókítà!" Ẹ̀rín sọ. Dókítà wo bàtà rẹ̀, ó wò mí. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní, "Ó dáa. Da ìyókù síbí." Mo da omi sí i lọ́wọ́ títí tí ó fi ní ó tó.

Ọmọbìnrin ni ẹ̀gbọ́n mi bí. N ò gbé e. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé mò ń bínú sí òun, mo sì jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn kí wọ́n tó tú báńdéèjì rẹ̀ láti yọ okùn tí wọ́n fi rán egbò náà. Wọ́n fa aṣọ yí bẹ́ẹ̀dì ká, n ò rí nǹkan kan. Mo bá na ọrùn, mo fa imú, imú kan náà yìí, mo ń wá òórùn kejì. Apakòkòrò nìkan ló wà. Mo tún fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú búùtà nítan.

Egbò ẹ̀gbọ́n mi jinná, àpá rẹ̀ kò ju okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lọ lónìí. Wọ́n tún ti òwú bọ imú mi lẹ́yìn náà, wọ́n ní kòkòrò náà ti lọ. N ò mọ ìgbà tó dé, n ò sì mọ ìgbà tó lọ. Ní ti ìyá Ajue, wọ́n fún un ní oògùn mìíràn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ wá gbé e lọ nígbà tí egbò náà kò tíì jinná, torí kòkó ti tó ká. Mo ti bi ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ti Ajue bọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Bóyá èmi ni, bóyá abọ́ ni, bóyá kápúsù tí mo fi àánú tú ni, n ò mọ̀, n ò sì rò pé n ó mọ̀ láé.

Mo ṣì ń tijú. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó jù mí lọ bá ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí, ẹ̀yìn ni mo máa ń kó ọwọ́ méjèèjì sí. Àwọn èèyàn rò pé ọ̀wọ̀ ni, wọ́n tilẹ̀ ń yìn mí. N kì í ṣàlàyé. Mo kàn máa ń rò pé bí ìyá Ajue bá wọlé wá ní báyìí, á rí eyín mi.