Àmù Tí Mo Fọ̀ Mọ́

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, tíṣà tuntun ní Yaba, nígbà tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa ní kí n ṣètò àfihàn kan lórí ilé àti ibùgbé. Àwọn ọmọ ya àwòrán ilé wọn. Èmi lọ yá àmù omi lọ́wọ́ ìyá àgbà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi ní Surulere. Wọ́n ti wó ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àmù yìí nìkan ló kù nínú ẹrù ìyá tó bí i.

"Tíṣà, má jẹ́ kó gbẹ o."

"Kò ní gbẹ, Mama."

Kò sì gbẹ. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, inú rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá. Èmi tí n kì í gba ìwé tó dọ̀tí lọ́wọ́ ọmọ, mo fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́ tinú tẹ̀yìn. Mo pọn omi sí i, mo tọ́ ọ wò: ọṣẹ! Mo dà á nù, mo pọn òmíràn. Ọṣẹ náà ni. Amọ̀ ti fà á mu.

Lọ́jọ́ àfihàn, n kò rí àwòrán kankan wò. Bí ẹnikẹ́ni bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń wò bóyá Mama ni.

"Ẹ wo bó ṣe mọ́!" àlejò kan wí. Mo wolẹ̀.

Mama dé. Ó fọwọ́ pa àmù náà lára.

"Ta ló fá irun fún àmù mi? Ó mà ti di ọkọ ìyàwó!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mama na ọwọ́ sí ife, ó bu omi inú àmù náà.

"Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún. Ọṣẹ ni mo fi fọ̀ ọ́."

Ó mu ún síbẹ̀, ó sì gbé e mì.

"Omi ilé ìyá mi kọ́ nìyí," ó wí jẹ́jẹ́. Ì bá bú mi, ì bá sàn.

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni mo ń da omi inú rẹ̀ nù, tí mo ń lọ pọn òmíràn lẹ́nu ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Mama tọ́ ọ wò.

"Ọṣẹ ti lọ."

Kò sọ pé adùn àtijọ́ padà. N kò láyà láti béèrè.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Bí ẹ bá yá nǹkan onínǹkan, ẹ bi í kí ẹ tó tún un ṣe.