Omi tí Ìyá Àgbà Gbà Lọ́wọ́ Mi

N kò lè gbàgbé ọjọ́ tí ìyá àgbà mi gba omi lọ́wọ́ mi. Àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ nílé wa ní Ìperu, wọ́n kọ oúnjẹ, wọ́n kọ omi. Ní kíláàsì, tíṣà kọ́ wa pé "slake" ni kí omi pa òùngbẹ. Ìyá àgbà ni mo ń rò.

Mo délé, mo bu omi àmù, mo kúnlẹ̀, mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò bí a ti ń ṣe fún àlejò. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ṣé mo ti di àlejò ni?" Wọ́n sì mu ún tán.

Lọ́jọ́ kejì, tíṣà ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe gbólóhùn. Yorùbá ló jáde lẹ́nu mi: "Ìyá àgbà mi ti mu omi, sà."