Wáìnì Pupa Kì Í Ṣe Ọ̀rẹ́ Ẹja

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Fábíyìí ti ń se ẹja fún àlejò ní ilé ìtura kan létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Ẹnikẹ́ni kò dá àwo rẹ̀ padà rí.

Lọ́sàn-án Sátidé, ọ̀gá rẹ̀ bu wáìnì pupa láti gúúsù ilẹ̀ Faransé fún àlejò pàtàkì kan, ó sì gbé orí ẹja tì í, bí wọ́n ṣe ń yẹ́ àlejò sí níbẹ̀. Àlejò jẹ, ó mu, ó fajú ro.

“Ó ń ṣe mí bí ẹni lá irin.”

“Fábíyìí, ẹja àná lo sè?” ni ọ̀gá bi í.

Inú bí Fábíyìí. Ẹja náà ṣì ń mí nígbà tó rà á láàárọ̀.

“Ọ̀gá, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́. Mo ti tọ́ wáìnì yẹn wò. Ó ń fún ahọ́n bí obì, ó sì ń ta sánsán bí iyèré. Ẹran ló bá a mu, kì í ṣe ẹja.”

“Kí ni ìwọ ológógóró mọ̀ nípa wáìnì?”

“Ògógóró kò tíì pa ahọ́n mi.”

Fábíyìí gbé àsun ewúrẹ́ wá. Àlejò jẹ, ó mu, ó tún na ife.

“Mo sọ fún yín pé wáìnì gidi ni,” ni ọ̀gá wí. Kò mẹ́nu ba ẹja.

Fábíyìí fa àga, ó jókòó síwájú wọn, ó sì jẹ orí ẹja náà tán.