Ọkùnrin Tó Ná Ẹyẹ Àgùfọn

Àwọn tó ń ròyìn ọ̀rọ̀ náà máa ń sọ pé orí tábìlì ni olóògbé gùn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì ló dúró sí, bẹ́ǹṣì kẹta láti iwájú, nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé tí fáànù rẹ̀ ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí.

Òṣìṣẹ́ kan ló wá láti ọ́fíìsì tó ń bójú tó àbàtà, ọ̀dọ́bìnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Àǹtí Ọ́fíìsì. Ó na àwòrán àbàtà mọ́ ògiri, ó sì ṣàlàyé pé àgùfọn, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó dé adé sórí yẹn, ti ń run lọ. Méjìlá péré ló kù. Ìjọba fẹ́ ṣètò bí wọn yóò ṣe tún pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n òfin ní kí aráàlú kọ́kọ́ sọ tẹnu wọn kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lu ìwé.

"Láàárín ọdún mẹ́wàá," ó ní, "a fẹ́ kí wọ́n di ọgọ́ta."

Olóògbé, àgbà ahunẹní kan, gun bẹ́ǹṣì. "Ó pọ̀ jù," ó ní. "Ẹ gba ogún."

"Ẹ má bínú, Bàbá, a ò tà wọ́n."

"Mo mọ̀. Bí ọlọ́jà ṣe máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Mélòó ni jálẹ̀?"

"Bàbá, kì í ṣe owó. Iye ẹyẹ ni."

"Ṣé mo pè é lówó ni? Ó yá, mo fi méjì sí i."

Kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí ọmọbìnrin náà kàwé, ìwé ètò tó gbé wá sì tó ojú-ewé mọ́kàndínlógún, ṣùgbọ́n ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Márùndínlọ́gọ́ta." Bàbá ní ọgbọ̀n. Ó ní àádọ́ta. Ìgbà yẹn ni alága àwọn ahunẹní fa aṣọ bàbá náà látẹ̀yìn. "Ẹ̀yìn lẹ ń ná an sí! Àwa la máa gbà á, kì í ṣe àwa la máa san án!"

Bàbá yíjú padà. "Àwa la máa gbà á?"

"Àwa ni!"

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ń wò mí láti àárọ̀?" Ó kọjú sí Àǹtí Ọ́fíìsì. "Àádọ́ta kéré. Ọgọ́rùn-ún."

Nígbà yẹn, àwọn kan ń pariwo pé kí ó lọ sókè, àwọn kan ní kí ó wá sílẹ̀, ọkùnrin kan lẹ́yìn sì ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta ẹyẹ náà. Márùndínlọ́gọ́rin ni wọ́n fẹnu kò sí. Ọmọbìnrin náà dé ilé kó tó rántí pé ọgọ́ta lòun gbé wá. Márùndínlọ́gọ́rin yẹn ló wà nínú ìwé ètò títí di òní, wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé ìṣirò ìjìnlẹ̀ ni wọ́n fi rí i.

Bàbá Jálẹ̀ ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, kò sì sí ohun tí kì í ná. Bí o bá sọ fún un pé aago mẹ́rin ti lù, á ní ó pọ̀ jù. Nígbà tí ikọ́ dá a dúbúlẹ̀, dókítà ní kó lo oògùn fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ó ní mẹ́rin. Wọ́n fẹnu kò sí méje. Ká sọ òótọ́, òun nìkan ló fẹnu kò, nítorí dókítà ti pe ẹlòmíràn wọlé. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ikọ́ tún gbé e padà sílé ìwòsàn. "Dókítà," ó ní, "àrùn yìí ò mọ ọjà ná rárá."

Àwọn kan tún ń sọ pé ó gba máàkì mẹ́sàn-án kún èyí tí ọmọbìnrin rẹ̀ gbà nínú ìṣirò. Irọ́ ni. Olùkọ́ gidi kì í fi máàkì kún máàkì nítorí àròyé òbí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé olùkọ́ náà fún bàbá ní ìbéèrè kan náà àti pẹ́ńsù, ó ní kó jókòó. Ọmọ ti gba méjìlélógójì. Bàbá gba mọ́kàndínlógún. Ó dé ilé, ó mu omi, ó wo ọmọ náà títí. "Ọmọ yìí gbìyànjú," ó ní.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àbàtà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nìkan. Ilé mẹ́rìnlá ló ń jẹun láti ara koríko ibẹ̀. Wọ́n ń gé e, wọ́n ń sá a sẹ́yìnkùlé, wọ́n ń fi í hun ẹní. Lọ́dọọdún, bí koríko bá ti gbó báyìí, àwọn onílọ́rì láti òkèèrè á kó ẹ̀rọ dé, wọ́n á fi ọjọ́ mẹ́ta gé ohun tí ahunẹní ń fi oṣù mẹ́ta gé, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Àjẹkù wọn ni àwọn onílé ń ṣà. Ní báyìí, ọ́fíìsì tún fẹ́ ti àbàtà pa fún oṣù márùn-ún lọ́dún, kí àgùfọn lè yé ẹyin, kí ó pa á, kí ó sì tọ́ ọmọ. Àwọn ahunẹní ka ìka. Oṣù mẹ́ta, wọ́n lè fara dà á. Bó bá di mẹ́rin, àwọn kan á ti ṣọ́ọ̀bù pa.

"Bàbá Jálẹ̀," alága ní, "ìpàdé kejì ń bọ̀. Ẹ bá wa ná an dé mẹ́ta."

"Ẹ lọ máa hun ẹní yín," ó ní. "Ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ló wà."

Ó ní òun ò lè ná ẹja inú ibú, pé òun fẹ́ fojú rí ọjà náà ná. Àǹtí Ọ́fíìsì bá fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ. Wọ́n bá àgùfọn kan lórí ìtẹ́ láàárín koríko. Omi ibẹ̀ ò kọjá ọrùn ẹsẹ̀, bàbá sì sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá, ogún ìṣísẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi jìnnà sí i."

"Mẹ́wàá."

Ó gbẹ́sẹ̀ kan. Ẹyẹ náà na ọrùn. Ó tún gbẹ́sẹ̀ kan. Ẹyẹ náà dìde, ó la ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Bàbá sún sẹ́yìn. "Ó dáa, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún." Ẹyẹ náà tún gbé ẹsẹ̀ kan. Nígbà tí wọ́n fi máa parí ọ̀rọ̀, bàbá ti wà nínú ọkọ̀, ọkọ̀ sì ti wà lójú omi. "Ẹni yẹn," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ lálẹ́, "ó lágídí jù mí lọ."

Ohun tí kò sọ fún ìyàwó ni ìbéèrè tó bi Àǹtí Ọ́fíìsì bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀. Ó béèrè bóyá oṣù márùn-ún á tó kí ọmọ ẹyẹ tó lè fò.

"Ó tó fún èyí tó tètè yé."

"Èyí tó pẹ́ yé ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ahunẹní la ń bẹ̀rù, Bàbá. A ò lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó dákẹ́ títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ pé ẹni tó bá dákẹ́ nídìí ọjà ti gba gbèsè.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Gbọ̀ngàn kún. Àǹtí Ọ́fíìsì kà á síta: oṣù márùn-ún. Àwọn ahunẹní fẹ̀yìn ti àga, wọ́n ń retí. Bàbá Jálẹ̀ dìde.

"Oṣù márùn-ún?" ó ní. "Ó kéré. Mẹ́fà."

Alága fò dìde. "Ta lẹ̀ ń bá ná an?"

"Wọ́n ti fún un ní nǹkan!" ẹnìkan pariwo.

"Baálé mi," ìyàwó rẹ̀ ní, ọwọ́ lórí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Ìdààmú bá Àǹtí Ọ́fíìsì ju gbogbo wọn lọ, nítorí ó ti pinnu nínú ọkàn rẹ̀ láti gba mẹ́rin. "Bàbá, márùn-ún ti tó wa."

"Kò tó yín. Oṣù mẹ́fà, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́. Oṣù mẹ́fà tó kù, kó jẹ́ àwa tí a fi dòjé gé e nìkan. Onílọ́rì kankan ò gbọdọ̀ gbé ẹ̀rọ débẹ̀."

"Ìyẹn ò sí nínú ohun tí a wá sọ lónìí."

"Ṣebí ẹ ní kí aráàlú wá sọ tẹnu wọn? Tẹnu mi rèé. Ẹ kọ ọ́."

Ó kọ ọ́, ọ́fíìsì sì buwọ́ lù ú. Àwọn ahunẹní ò bá bàbá sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́fà gbáko. Nígbà tí àbàtà ṣí, wọ́n wọ inú koríko tó ga ju orí lọ, láti etí dé etí, láìsí ipa táyà kan. Wọ́n gé e títí ọwọ́ fi bó. Alága lọ dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá, ṣé ẹ ti rò ó báyẹn tẹ́lẹ̀ ni?"

"Ìwọ náà rò ó wò," ó ní.

Àríyànjiyàn náà ò tíì parí. Àwọn kan ní ọgbọ́n ni, àwọn kan ní ẹnu ló mọ́ ọn lára. Ìyàwó rẹ̀ kì í dá sí i, àfi kí ó máa sọ pé bí àwọn ṣe ń lọ sílé lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, ọkọ òun rọra béèrè lọ́wọ́ òun pé, "Mẹ́ta ni wọ́n ní kí n gbà, àbí mẹ́fà?"

Ó kú ní ọdún kẹrin, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lórí ìjókòó rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Kò ṣàròyé kankan, ó sì ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu.

Lọ́dún yẹn, lọ́jọ́ tí àbàtà máa ṣí, àwọn ahunẹní ti dúró létí omi pẹ̀lú dòjé. Àǹtí Ọ́fíìsì dé. Ó tọ́ka sí ọmọ àgùfọn kan tó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ láàárín koríko. Ó pẹ́ kó tó jáde nínú ẹyin, kò sì tíì lè fò.

"Mo mọ̀ pé oṣù mẹ́fà ti pé," ó ní. Ó ti kọ gbogbo ohun tó máa fi bẹ̀ wọ́n sínú ìwé, ojú-ewé méjì. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀sẹ̀ méjì sí i."

Alága wo ọmọ ẹyẹ náà. "Ó dáa," ó ní.

Ọmọbìnrin náà ń retí ìyókù. Kò sí ìyókù. Wọ́n ń fi aṣọ wé dòjé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé ó dáa náà ni?"

"Ó dáa náà ni, Àǹtí."

Ó jókòó lórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó wo ojú-ewé méjì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá bú sẹ́kún. Ìyàwó olóògbé wá jókòó tì í, ó sì gbá a mọ́ra. Lójú omi, ọmọ ẹyẹ náà fò díẹ̀, ó já lulẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó tún dìde. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

"Mo rò pé ẹnìkan máa bá mi jà ni," ọmọbìnrin náà ní.

"Mo mọ̀, ọmọ mi," obìnrin náà ní. "Jẹ́ kó sinmi. Ó ti sọ̀rọ̀ tó."