Ọ̀gá Tó Fẹ́ Kí Fóònù Òun Dákẹ́

Oyún oṣù mẹ́jọ kì í jẹ́ kéèyàn yára rìn, ṣùgbọ́n ṣe ni Ìyá Kóòdù ń jó láàárín tábìlì mẹ́ta tó wà ní ọ́fíìsì wọn. Òun ni ọ̀gá níbẹ̀. Ó ti rí férémúwọ́ọ̀kì tuntun kan, ìyẹn egungun tí wọ́n máa ń kọ́ ìkànnì ayélujára lé lórí, ó sì gba ọkàn rẹ̀ pátápátá. Iṣẹ́ tó ń gba ògbólógbòó tí wọ́n ń lò ní ọjọ́ méjì, ìrọ̀lẹ́ kan péré ni tuntun fi parí ẹ̀. Ta ni yóò rí irú ẹ̀ tí orí ẹ̀ ò ní wú?

Àwọn méjì ló ń bá a ṣiṣẹ́, Onígíláàsì àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Àwọn ni yóò kọ́ ìkànnì ilé ìwòsàn eyín kan nígbà tó bá wà nílé pẹ̀lú ọmọ fún oṣù mẹ́ta. Nígbà àkọ́bí, orí bẹ́ẹ̀dì ìbímọ ló ti ń dáhùn ìpè wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fẹ́ jókòó ti ọmọ rẹ̀ láìsí ẹni tí yóò yọ ọ́ lẹ́nu.

Ó wá dá ọgbọ́n kan, kó lè mọ èyí tí yóò fi lé wọn lọ́wọ́ nínú tuntun àti ògbólógbòó. Ó ba ojú ewé ìkànnì kan jẹ́ nínú tuntun, ó ba irú ẹ̀ jẹ́ nínú ògbólógbòó, ó ní kí wọ́n tún méjèèjì ṣe, kí wọ́n pe òun bó bá le. Ló bá lọ jókòó sísàlẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà.

Tuntun ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Láàárín wákàtí kan, ìpè mọ́kànlá. Onígíláàsì ń sọ̀rọ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń gbà á lẹ́nu ẹ̀, ariwo wọn bí ti ẹyẹ ẹ̀gà. Ìyá Kóòdù ń dáhùn, ẹ̀rín ń pa á, ọmọ inú ń ta á nípàá.

Ó ní kí wọ́n bọ́ sórí ògbólógbòó. Fóònù dákẹ́. Nígbà tó di ogún ìṣẹ́jú, ó wò ó bóyá bátìrì ti kú. Nígbà tó di ogójì, ara ẹ̀ ò gbà á mọ́, ó gun àtẹ̀gùn lọ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó bá wọn tí wọ́n ń jẹ bísíkíìtì. Ojú ewé ti ń ṣiṣẹ́ geere. Wọ́n tilẹ̀ ti tún àṣìṣe kan tí òun fúnra ẹ̀ ṣe lọ́dún tó kọjá ṣe. Bí tuntun ṣe rí sí ògbólógbòó nìyẹn: bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

Inú bí i díẹ̀, kò purọ́. Ó ní, “Ẹ ò tiẹ̀ wá pè mí rárá?”

Onígíláàsì ní, “Ẹ̀gbọ́n, a ò rí nǹkan tá a máa bi yín ni.”

Ó jókòó, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó fọwọ́ ara ẹ̀ yọ tuntun kúrò nínú kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì tẹ ọkọ rẹ̀ láago.

“Wọn ò ní pè wá,” ló ń sọ fún un. “Ṣé ẹ gbọ́? Wọn ò ní pè wá.”