Àwòrán Kẹtàdínlógójì

Bí o bá fẹ́ kí aránṣọ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Onítéèpù yà ọ́ ní fọ́tò, kọ́kọ́ múra sílẹ̀ fún ẹ̀rín àwọn tó ń kọjá lọ. Yóò gbé kámẹ́rà sójú, yóò tún gbé e kúrò, yóò wá fa téèpù ọrùn rẹ̀ láti ẹnu kámẹ́rà títí dé ṣóńṣó imú rẹ. "Mítà méjì ó lé díẹ̀. Má mira o." Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tó yí nọ́ńbà ara kámẹ́rà síbi tó yẹ. Àwọn kámẹ́rà àtijọ́ wọ̀nyẹn kò mọ ibi tí èèyàn dúró sí, ìwọ lo máa sọ fún wọn. Àwọn onífọ́tò mìíràn a máa fojú díwọ̀n. Òun kì í fojú díwọ̀n ohunkóhun. Ogójì ọdún tó ti fi ń ránṣọ ti kọ́ ọ pé ojú lè purọ́, ṣùgbọ́n téèpù kì í purọ́.

Kámẹ́rà mọ́kànlá ló ní. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó yẹ kó kó aṣọ oníbàárà sí ni wọ́n ń gbé, aṣọ oníbàárà wá ń gbé orí àga. Ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì ló fún un ní àkọ́kọ́ nígbà tó ń palẹ̀ ẹrù ilé rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, tó gbọ́ "kẹ̀-ẹ̀", orí rẹ̀ wú. Láti ọjọ́ náà, kò sí òkú kámẹ́rà tí wọ́n fẹ́ dà nù ládùúgbò tí kì í ya ọ̀dọ̀ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ló fi ń yọ ìdọ̀tí inú wọn, àjákù awọ ló fi ń nu ara wọn, ó sì sọ gbogbo wọn lórúkọ. Èyí tó fẹ́ràn jù ni Alágídí, onírin, tó wúwo bí àyọ́ọ̀nù, tí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kò pa dé dáadáa mọ́, tó jẹ́ pé rọ́bà ló fi ń dè é. Ohun tó bá wu ni ló ń pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ìyá rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin tí wọ́n jọ ń gbé, nìkan ni kámẹ́rà kò tíì rí mú. Kì í ṣe pé kì í jókòó fún fọ́tò. Á jókòó, ṣùgbọ́n á di ẹnu pinpin bí ẹni tó fomi sẹ́nu. Nígbà tó wà lọ́mọge, onífọ́tò tó kọ́kọ́ yà á ló jágbe mọ́ ọn pé, "Pa ẹnu dé!" Màámi pa á dé, kò sì tíì ṣí i fún kámẹ́rà kankan láti ọjọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀, òun ló ní ẹ̀rín tó dùn jù nínú ilé, ẹ̀rín tí èjí rẹ̀ máa ń yọ nínú rẹ̀ gbangba. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti jogún èjí náà, ìyẹn ìyá tó kú kí kámẹ́rà kankan tó rí i.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, inú Onítéèpù dùn débi pé ó wọ bàtà òdì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù nílùú òtútù, ti lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé, aago mẹ́rin ni ọkọ̀ máa gbé e lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Àbúrò wọn obìnrin, tíṣà, dé láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní yunifásítì. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tí àwọn ọmọ ìyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dúró ti Màámi pa pọ̀ gbẹ̀yìn.

Nítorí náà ló ṣe gbé apẹ̀rẹ̀ bọ́tìnnì rẹ̀ dìde, tó ní kí gbogbo ilé ju fóònù wọn sínú rẹ̀.

"Fọ́tò fóònù, ẹ ó fi han Màámi, ẹ ó tún gbà á padà sápò. Fọ́tò tó ṣeé dì mú la fẹ́ lónìí. Alágídí nìkan ló ń ṣiṣẹ́!"

"Màmá, tí tiyín ò bá wá jáde ńkọ́?" ọmọ tíṣà bi í.

"Tí kò bá jáde, ẹ wá gba téèpù lọ́rùn mi, kí n má ránṣọ mọ́!"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ó yà wọ́n títí. Màámi jókòó láàárín ọgbà, ẹnu pinpin, àwọn ọmọ lọ́tùn-ún lósì, téèpù ń lọ, téèpù ń bọ̀. Nígbà tó ku ẹyọ kan, Onítéèpù náà fẹ́ wà nínú rẹ̀. Ó gbé Alágídí ka orí àpótí, ó yí aago kékeré tó máa ń mú kámẹ́rà ya fúnra rẹ̀, ó sì sáré. Téèpù kọ́ ẹsẹ̀ àga. Onítéèpù ta gìẹ́gìẹ́, ó balẹ̀ gbì lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, ìdí rẹ̀ ló kọ sí kámẹ́rà. Kẹ̀-ẹ̀!

Ni Màámi bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ńlá, ẹnu yà, èjí yọ.

Onítéèpù rí i láti ilẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì fò fẹ̀rẹ̀. Ó dìde, ó gbá kámẹ́rà mú. Ó mọ̀ pé mẹ́rìndínlógójì péré ni fíìmù náà, ó sì ti pé. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn èèyàn a máa rí ẹyọ kan fà yọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tán. Ó fa ọwọ́ kékeré tó ń wọ́ fíìmù. Kò lọ. Ó fi àtàǹpàkò tì í tagbáratagbára. Ó dún "kà!", ó lọ, ó sì ya ẹ̀rín náà. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fagbára mú ní í ni ni lára.

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Òun nìkan ni kò pa á. Bó ṣe fẹ́ yí fíìmù padà sínú ilé fíìmù tí ìmọ́lẹ̀ kì í wọ̀, ńṣe ni ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí i padà ń yí lófìfo. Fíìmù ti já! Gbogbo rẹ̀ wà níhòòhò nínú ikùn Alágídí, ìlẹ̀kùn tí rọ́bà dè nìkan ló sì wà láàárín rẹ̀ àti oòrùn ọ̀sán. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, ó parí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì máa mú fíìmù náà lọ fọ̀ lọ́hùn-ún, torí ẹni tó ń fọ fọ́tò ládùúgbò ti ti ṣọ́ọ̀bù pa tipẹ́. Ta ló máa gbé Alágídí lé e lọ́wọ́, kí àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ wá ní kó ṣí i? Aago mẹ́ta ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ó sá wọ yàrá ìránṣọ. Fèrèsé mẹ́ta, kọ́tìnnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí kóòtù tó fi kọ́ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, kóòtù dúdú tó rán fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó fi aṣọ dúdú ìlọ́po méjì sínú rẹ̀ nítorí òtútù.

"Áà!" ló ké. "Yàrá òkùnkùn rèé!"

Ó ki Alágídí àti agolo dúdú kékeré tí wọ́n ń kó fíìmù sí bọ inú kóòtù, ó dé bọ́tìnnì rẹ̀, ó sì gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ sáré. Ó rán ọrùn rẹ̀ pa, ó rán iwájú rẹ̀ pa, ó rán ìsàlẹ̀ rẹ̀ pa. Kóòtù di àpò. Ó wá ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú apá kóòtù náà, ó sì fi eyín fa rọ́bà mọ́ ẹnu apá náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àbúrò mi, kóòtù mi dà?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wọlé. Ó rí kóòtù tuntun rẹ̀ lórí tábìlì, tó ń mira, ọwọ́ àbúrò rẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń gbẹ̀bí ewúrẹ́.

"Kí lò ń ṣe fún kóòtù mi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ìlẹ̀kùn yẹn. Fíìmù ti já. Màámi rẹ́rìn-ín, mo fagbára fà á, ó já. Tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, a ò ní fọ́tò kankan, èmi ni mo sì gba fóònù gbogbo yín."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fa aṣọ ìbora kan lórí àga, ó dà á bo kóòtù, ó sì fẹ̀yìn ti ìlẹ̀kùn.

"Ṣé ẹ̀rín Màámi wà nínú ẹ̀ lóòótọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ó yá, rọra. Ọkọ̀ á dúró."

Onítéèpù di ojú. Ìka rẹ̀ ló kù tó ń ríran. Ó tú rọ́bà tó de ìlẹ̀kùn Alágídí, ó ṣí, fíìmù sì fò jáde bí ẹran tí wọ́n tú sílẹ̀ lókùn. Òógùn bò ó. Etí fíìmù nìkan ló ń dì mú, bó ṣe máa ń di etí aṣọ olówó iyebíye mú, ó ń ká a, ó ń ká a. Ọkọ̀ fun fèrè níta. Ó wá agolo, kò rí i. Ó wá a dé abẹ́ apá, ó wá a dé igun ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ló sá lọ! Ó ti fíìmù sínú rẹ̀, ó sì dé e.

"Pó!"

Ó pariwo, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pariwo, àwọn àgbà méjì bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè nínú yàrá bí ọmọ tí wọ́n ní kó má lọ sílé-ìwé mọ́.

Ó tú ọrùn kóòtù, ó tú iwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó ń tú ìsàlẹ̀, aṣọ inú bá a tú. Kò sí àyè àtúnrán mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó ń lọ sídìí ọkọ̀, Onítéèpù ń tẹ̀ lé e lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi òwú funfun tó bá lẹ́nu abẹ́rẹ́ gán etí kóòtù náà gátagàta.

"Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ gbé e fún aránṣọ tó mọṣẹ́."

"Èwo ló tún wá mọṣẹ́ jù ọ́ lọ?" Ó fọwọ́ lu àpò tí agolo wà, ó sì wọnú ọkọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọmọ tíṣà fi ń pè é lórí fóònù: "Màmá, ṣé kí n ti máa bọ̀ wá gba téèpù?" Nígbà tí àpò ìwé tí ẹ̀gbọ́n kó fọ́tò sí dé, òun àti ìyá rẹ̀ wá sílé. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i pé, "Wọ́n ní òwú funfun wà létí kóòtù mi. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

Àwòrán márùndínlógójì jáde kedere, o lè ka irun ìpéǹpéjú wọn. Inú Onítéèpù dùn, ó fi téèpù lu ọmọ tíṣà léjìká fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Èyí tó gbẹ̀yìn ló yà wọ́n lẹ́nu. Fíìmù kò wọ́ tán kó tó já, àwòrán kẹrìndínlógójì àti ìkẹtàdínlógójì wá gun ara wọn. Màámi wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹnu pinpin, ìdí Onítéèpù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, léjìká-sí-èjìká, ìyá àgbàlagbà mìíràn jókòó, ẹnu yà, èjí yọ.

Màámi gbà á. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà.

"Ta lẹ fi jókòó tì mí yìí?"

Ó yí i síbi ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá mi ni! Ẹ wo èjí ẹ̀. Ìyá mi rèé o! Níbo lẹ ti rí i?"

Tíṣà gbójú kúrò. Onítéèpù kúnlẹ̀. "Màámi, ẹ̀yin ni. Ọjọ́ tí mo ṣubú, tí ẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín."

Màámi fi ìka kan eyín ara rẹ̀, ó tún fi kan eyín inú fọ́tò.

"Èmi? Báyìí ni mo ṣe máa ń rí?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Màámi."

"Áà. Ìyá mi ni mo ti ń pa ẹnu dé mọ́ látọjọ́ yìí!"

Ló bá tún bú sẹ́rìn-ín, omijé ń dà. Kó tó mí, Onítéèpù ti dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti gbé Alágídí, ó ti ń fa téèpù bọ̀, ó ń kánjú débi pé téèpù ń rìn Màámi nímú.

"Ẹ má pa á dé o, Màámi! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á dé!"

"Ṣe kíá," ni Màámi wí, ẹnu yà, èjí yọ. "Ìyá mi ti jókòó."